Kòkó Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Jíìpù

Mo ń dúró de ọkọ̀ Àkúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Oǹdó, nígbà tí mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ro ẹjọ́ jíìpù tòkúńbọ̀ rẹ̀ fún ìyá kan tóun náà ní irú rẹ̀.

"Mà á tà á lónìí, mọ́mì. Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń bọ̀. Bí mo bá ti tan ọkọ̀ àti ẹ́síì báyìí, ariwo ni: kàrà-kàrà-kàrà! Ẹ́ńjìnnì ti ń kú lọ."

"Dúró ná. Ṣé o máa ń sá kòkó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

"Ibẹ̀ ló ti ń tètè gbẹ, mà."

"Háà! Ohun témi náà ṣe nìyẹn! Abẹ́ gíláàsì iwájú ni kòkó ń gbà bọ́ sínú fáànù ẹ́síì. Mẹkáníìkì, bá wa tú u!"

Wọ́n tú u. Kòkó dà sílẹ̀ wàrà.

"Ṣé o rí i? Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń kú, kòkó ló ń sọ̀rọ̀!"

Ọkùnrin náà ti gbé fóònù sétí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́. Jíìpù ò kú!"

Èmi tí mo máa ń bèèrè orúkọ gbogbo ènìyàn, n kò rántí bèèrè tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo ń gbé lọ sílé, kí n tó rántí pé Fúnmiláyọ̀ ìyàwó mi, tí ẹ̀rín ì bá pa jù, kò sí láyé mọ́.