Orúkọ Tó Jáde Lórí Fóònù Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì jókòó o! Ẹ bá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí Ẹni tó mọ gbogbo wa lórúkọ! Halelúyà! Ẹ ò tíì pariwo tó. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó ṣe fún mi, ẹ máa pariwo ju báyìí lọ. Halelúyà!

Ìyá Tóbi ni gbogbo yín ń pè mí nínú ìjọ yìí. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí bàbá Tóbi ti kú, oúnjẹ ni mo ń sè tà nínú Ìkòròdú níbí. Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, títí iléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate fi ní kí n wá máa se oúnjẹ ọ̀sán fáwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ ṣé o, Jésù! Wọ́n tún fún mi lówó ọjà àkọ́kọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó kántíìnì wọn wá sọ fún mi pé, "Madam, Mọ́ńdè lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Tí oúnjẹ ò bá dé lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì wà níta tó ń dúró o." Mo ní, "Sà, kò séwu."

Ọ̀dọ̀ Màmá Sùlè, ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ni mo ti ń ra ẹja. Tẹ́lẹ̀, inú ìró ni mo máa ń di owó mọ́ kí n tó wọkọ̀, ọkàn mi ò sì ní balẹ̀ títí màá fi sọ̀. Màmá kì í gba tiránsífà. Wọ́n á ní, "Owó tí mi ò fọwọ́ kàn, ṣé owó nìyẹn?" Àmọ́ nígbà táwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ìsọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á, Màmá yára ṣí akáǹtì sórí fóònù, irú èyí tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù èèyàn náà ni nọ́ńbà akáǹtì rẹ̀. Ayé ń yí, Màmá bá a yí.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo ń dín ata lọ́wọ́, mo ní kí n tètè fowó ẹja ránṣẹ́ sí wọn. Òróró wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ nọ́ńbà. Orúkọ jáde: Múnírátù Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ orúkọ Màmá Sùlè! Látọjọ́ tá a ti ń bára wa ra ẹja! Ta ló máa wojú àgbàlagbà, táá ní, "Kí lorúkọ yín?" Wọ́n á ní wọn ò kọ́ mi nílé. Mo kàn rò ó pé Mùsùlùmí ni Màmá, orúkọ Mùsùlùmí ló sì jáde, àwọn náà nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo owó náà lọ.

Kò pẹ́, Màmá pè mí. "Ìyá Tóbi, owó ò tíì wọlé o." Mo ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo! Nígbà tí mo yẹ nọ́ńbà náà wò dáadáa, èyí tó kẹ́yìn pátápátá, mo ti tẹ mẹ́jọ dípò méje. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì, mo bú sẹ́kún.

Mo pe nọ́ńbà yẹn, wọ́n ní ó wà ní pípa. Mo sáré lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn fara balẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. A máa kọ̀wé sí wọn, àmọ́ a ò lè fipá yọ owó lákáǹtì ẹlòmíì. Ó lè pẹ́." Ó lè pẹ́! Mọ́ńdè sì ń bọ̀! Àbúrò mi tiẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ti fi jẹyán." Inú bí mi, mo ní kó jáde nílé mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, ìwọ lo fún mi níṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kí òróró ọwọ́ gbà á lọ́wọ́ mi." Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bẹ Màmá pé kí wọ́n fún mi lẹ́ja láwìn. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé mo ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Màmá ní, "Ka nọ́ńbà tó o tẹ̀ yẹn fún mi." Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ni Màmá bá pàtẹ́wọ́. "Ìyá Tóbi! Ọjọ́ táwọn oníṣíìmù wá sọ́jà yìí, orí ìlà la tò sí. Bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n ń pín in. Ẹni tó tò tẹ̀ lé mi ló ni nọ́ńbà yẹn! Inú ọjà yìí lowó ẹ wà!"

Halelúyà o! Mo ní, "Ta ni, Màmá?" Màmá ò rántí, èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo tún pe nọ́ńbà náà. Ó ń dún báyìí, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo ní Múnírátù Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ ẹ̀. Màmá bi ará ọ̀tún, wọ́n bi ará òsì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá Wàsíù, Ìyá Ìbejì, Ìyá Elédé, bí wọ́n ṣe mọra wọn nìyẹn.

Mo bá dúró sáàárín ọjà, mo gbóhùn sókè: "Múnírátù Àbẹ̀kẹ́ o! Múnírátù Àbẹ̀kẹ́!" Ìyá kan tó ń to ẹja gbígbẹ kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, orúkọ àgbà lò ń pariwo bẹ́ẹ̀ yẹn?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo dìde, mo tún pè é.

Ni ohùn kan bá dáhùn láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja: "Ta ló ń pe orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí?"

Ará Agbówà ni wọ́n. Ìyá Agbówà lọjà mọ̀ wọ́n sí. Omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n ní, "Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè mí ní Àbẹ̀kẹ́." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi. Kí n tó sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Àbí ìwọ ni Fọláṣadé? Láàárọ̀ yìí ni mo ti ń bi àwọn tá a jọ ń yan ẹja pé ta ni Fọláṣadé tó fowó ránṣẹ́ sí mi, wọ́n láwọn ò mọ̀ ọ́n!" Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ìyá Tóbi ni wọ́n mọ̀! Alẹ́ẹ̀tì wọlé tán ni fóònù wọn kú, iná ò sì sí lóko wọn. Nígbà tí mo ń pè é yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba iná sí fóònù ló wà.

Wọ́n dá gbogbo owó náà padà fún mi. Mo ní kí wọ́n mú díẹ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n ní, "Rárá o, owó ẹni ẹlẹ́ni. Pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn ti tó mi." Mo pè wọ́n.

Mọ́ńdè dé, mo gbé oúnjẹ lọ. Ọ̀gá kántíìnì jẹ ẹja tán, ó ní, "Madam, ẹ má lọ síbì kankan o." Jésù, ẹ ṣé! Ẹ ṣé, ẹ tún ṣé!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú wàhálà, tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ rò pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ló tò sí. Ẹ nuwọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ fóònù o! Kẹ́ ẹ sì bi èèyàn léèrè orúkọ. Màmá Sùlè bá mi wá dúpẹ́ lónìí, àwọn ni wọ́n jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Mo ti kúnlẹ̀ bi wọ́n. Ráfátù Àjọkẹ́ lorúkọ wọn. Ẹ bá mi kí wọn káàbọ̀! Kẹ́ ẹ wá bá mi yin Ọlọ́run tí kò bi mí léèrè kó tó mọ orúkọ tèmi. Halelúyà!