Ọjọ́ Tí Wọ́n Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, òkú Wofa Aikins ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọn yóò sin ín ní Saltpond, ẹ sì ti pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní lọ, nítorí ó tàbùkù yín nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ náà ti ní àwọn kò fẹ́ rí yín nítòsí ibẹ̀. Irọ́ ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, èmi Kobina Essilfie ni mo sì pa á. Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú mi kì í wo ojú mi mọ́ tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá n ó rí Sátidé ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Tí mo bá dúró mí kanlẹ̀, n ó tún wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà yóò gbà gbè mí, nítorí bí mo ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn.

Ẹ ò lè gbàgbé ọdún ìyàn, ọdún tí igbó jó, tí egungun ọrùn wa yọ síta tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ti ra ṣéènì ọrùn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ti sá lọ sí Nàìjíríà. Wofa kò lọ. Wofa ni gbogbo wa ń pè é, bí ẹni pé àbúrò ìyá wa ni, òun ló sì kọ́ wa ní jọ́gíráfì. Ó máa ń kó ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ jágajàga kan wá sí ilé tí à ń gbé, á ní ká kọ́kọ́ jẹun, pé orúkọ odò kò ní sá lọ. Èmi yìí, nínú ẹ̀gẹ́ yẹn ni mo ti rí okun fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń gbọ́ ohun tí mo fi san án fún un.

Nígbà tí Ekuwa Bentsil, alága wa, ní ká padà pàdé ní yunifásítì wa lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn kan ní àwọn á kun gbọ̀ngàn lọ́dà, àwọn kan ní àwọn á se oúnjẹ. Èmi ní n ó lọ gbé Wofa wá láti Saltpond, torí òun ni àlejò pàtàkì, ìwé ìyìn rẹ̀ ti wà nínú férémù, àga rẹ̀ sì ti wà níwájú. Bàbá kì í lo fóònù. Nọ́ńbà Efua, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni à ń pè, èmi nìkan ni mo sì ní in lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Efua pè mí pé Bàbá ti wọ aṣọ kẹ́ńtè, wọ́n ti jókòó síwájú ilé, wọ́n ń sọ fún gbogbo aládùúgbò pé àwọn ọmọ àwọn ní yunifásítì ń bọ̀ wá gbé àwọn. Mo ní mo ti wà lọ́nà. Òótọ́ ni, mo wà lọ́nà. Ní Biriwa ni mo ti rí Fiifi Otoo, ẹlẹgbẹ́ wa tó di kọngílá tó ń ṣe títì, tí ọkọ̀ rẹ̀ ńlá ti kú sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò ìyàwó wà níbẹ̀, àti ẹrù tó pọ̀ ju ti ìyàwó tuntun lọ.

Fiifi fi orúkọ tí ẹ ń pè mí nílé ìwé pè mí, ó ní, "Kobina Gààrí, ìwọ rèé? Wá gbé wa jàre, oòrùn fẹ́ yan ìyàwó mi jẹ."

Mo gbé wọn. Àyè ẹsẹ̀ kò sí nínú ọkọ̀ mọ́, mo bá yí orí padà sí yunifásítì, mo ní n ó já wọn sílẹ̀, n ó sì padà lọ gbé Bàbá. Kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀ títí di ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n Fiifi fà mí lọ́wọ́ wọ inú gbọ̀ngàn, ó ń sọ fún àwọn èèyàn ńlá pé èmi ni mo gba òun là, ó ní kí wọ́n wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Láyé mi, ẹnikẹ́ni ò pè mí sórí tábìlì gíga rí. Mo jókòó. Fóònù ń dún nínú àpò mi, mo mọ ẹni tó ń pè, mo sì ń rẹ́rìn-ín ẹ̀fẹ̀ Fiifi. Nígbà tó dún dún tí kò dákẹ́, mo pa á.

Ekuwa wá bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Kobina, Wofa dà?"

Mi ò ronú rárá. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò wá mọ́."

Ó ní kí ló dé. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù bà mí pé á ní ká lọ bẹ̀ wọ́n. Ni mo bá fi kún un pé Wofa ní ìgbà tí a nílò arúgbó tí a ó fi ṣe ọ̀ṣọ́ fọ́tò la máa ń rántí òun. Ẹ wo ẹnu mi! Ẹnu tó jẹ ẹ̀gẹ́ yẹn náà ni. Ọ̀rọ̀ náà dé tábìlì dé tábìlì, inú yín bàjẹ́, lẹ́yìn náà ó wá di ìbínú.

Ìpàdé yẹn dùn, ẹni gbogbo ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Ekuwa pe àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sí oúnjẹ ọ̀sán létí òkun láti fi dúpẹ́. Mo fẹ́ purọ́ àìsàn kí n má lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé wọn á fura. A ń jẹ kéńkè àti ẹja yíyan lọ́wọ́ nígbà tí mo rí Efua lẹ́nu géètì, ó ti wá mi délé kó tó débẹ̀. Mo dìde kí ẹlòmíràn tó rí i.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Bọ̀dá Kobina, Bàbá ní kí n wá béèrè ohun táwọn ṣe fún yín. Wọn ò bínú. Wọ́n jókòó síta títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò fi wọ́n ṣẹ̀sín, síbẹ̀ wọn ò bínú. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn, káwọn lè bẹ̀ yín."

Ẹ̀yin èèyàn, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún mi. N bá kàn sọ pé, "Èmi ni." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yín ń ta sí mi láti ẹ̀yìn, ẹ sì fẹ́ pe orúkọ mi láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Efua, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ní kí n má lọ gbé wọn. Wọ́n ní Bàbá ti gbó jù, wọ́n á máa da itọ́ sára níwájú àlejò."

"Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wọn."

"Sista Ekuwa náà?"

Mo ní, "Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́."

Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ ò purọ́ fún mi," ó sì lọ. Bí mo ti padà jókòó, Ekuwa béèrè ẹni tó wá, mo ní ẹlẹ́ja ni. Ló bá dìde, ó ka ìwé ìyìn mi sókè pé Kobina ni ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kì í já wa kulẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ títí. Mo sunkún, ẹ rò pé ayọ̀ ni.

Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ fi ẹ̀bùn Kérésì ránṣẹ́ sí Wofa, ó dá a padà, ẹ ní ẹ rí i bí ìgbéraga rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ó já fọ́tò kíláàsì wa lára ògiri. Lọ́dọọdún, ẹ̀rù ń bà mí tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Saltpond. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a pa irọ́ mọ́ lè ti kú kí ọjọ́ náà tó dé.

Lánàá mo pe Efua, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé wọ́n fi àga sílẹ̀ de Bàbá lóòótọ́?"

Mo ní àga wà níwájú, Ekuwa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e títí a fi tú ká.

Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Wọn ò mọ̀. Wọ́n kú, wọn ò mọ̀." Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní kí ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, ṣùgbọ́n kí èmi má wá.

N kò tíì bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ìyẹn lè dúró. Ẹ lọ sí Saltpond. Nígbà tí wọ́n bá tẹ́ òkú rẹ̀ sílẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dágbére fún un, kí Ekuwa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sọ ọ́ sí i létí pé ẹ dúró dè é, kó sì dárúkọ ẹni tí kò jẹ́ kó dé.