Ẹnjinía Tí Bàbá Mi Ń Pè Kì í Ṣe Èmi

Bí mo ṣe jókòó tì yín yìí, oṣù díẹ̀ ló kù kí n jáde ní ilé ìwé gíga, kí wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé mo ti di ẹnjinía. Gbogbo ẹbí wa ní Ọ̀kà ló ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá mi ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo fẹ́ gba ìwé ni inú mi kò dùn. Ẹ má rò pé ìwé ló le fún mi o, mi ò fìdí rẹmi rí. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń borí tó sì tún ń sunkún? Èmi rèé. Ayé ẹlòmíràn ni mo ń gbé, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀.

Àwa méjì péré ni àwọn òbí wa bí. Dáyọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi obìnrin ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wa ṣiṣẹ́ ní káńsù títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyá wa jẹ́ tíṣà. Dáyọ̀ ló kọ́kọ́ wọ ilé ìwé gíga, ẹ̀ka àwọn tó ń ṣe títì, afárá àti ilé ló sì mú, èyí tí a ń pè ní sífù. Ẹ sì mọ àwa ará ibí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà ọ́ wọlé ni o ti di ẹnjinía, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ bóyá o ti kọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá mi kò ti pe Dáyọ̀ lórúkọ mọ́. Ẹnjinía, wá jẹun. Ẹnjinía, bá mi gbé àga. Òun náà á máa rẹ́rìn-ín, á dé akoto funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, á máa yan kiri àgbàlá bí ọ̀gá. Ó máa ń sọ pé tí òun bá jáde tán, òun lòun máa tún ọ̀nà tó ti ilé wa lọ sí Ìkàrẹ́ ṣe, pàápàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù kì í lè sọ̀ láìṣe pé ọkàn gbogbo èèyàn fò.

Ní tèmi, iná mànàmáná ni mo fẹ́ràn. Láti kékeré ni mo ti ń tú rédíò palẹ̀ tí ìyá mi á máa pariwo. Lágbègbè wa, iná lè lọ kó má padà wá títí èèyàn á fi gbàgbé rẹ̀. Fíríìjì ilé wa ti di kọ́bọ́ọ̀dù tí ìyá mi ń kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí. Nígbà tí bàbá mi ra sólà kékeré kan, èmi ni mo gun òrùlé lọ so ó, Dáyọ̀ ló di àkàbà mú. Bí gílóòbù ṣe tàn, bàbá mi fi oríkì mi pè mí, ó kì mí, ó kì mí, títí ojú fi ń tì mí. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé gíga, Dáyọ̀ wà ní ọdún kẹta, ẹ̀ka iná ni mo mú. Ẹnikẹ́ni kò bá mi jà sí i.

Ọdún náà kò tíì parí tí bíréèkì ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan fi já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an. Orí ọ̀kadà ni ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Ẹ̀yin náà mọ àṣà. Òbí kì í sin ọmọ, wọn kì í sì í jẹ́ kó mọ ojú oórì rẹ̀. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé Ìkàrẹ́ àtàwọn ọ̀rẹ́ Dáyọ̀ ló sin ín lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ògiri ilé kan tí ẹbí ìyá mi ní lẹ́bàá títì. Èmi náà wà níbẹ̀, torí àbúrò ni mí. Bàbá àti ìyá mi jókòó sílé l'Ọ̀kà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yí wọn ká. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn tipẹ́, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

 Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi gbé akoto Dáyọ̀ wá síwájú mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n lọ jókòó sí àyè ẹ̀gbọ́n mi, kí ohun tó bẹ̀rẹ̀ má baà já. Ká ní ó pàṣẹ ni, ǹ bá bá a jiyàn, torí mo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ṣé ọmọ lè wo bàbá tí ojú rẹ̀ ti jìn báyẹn kó sọ pé rárá? Ohun kan náà ni gbogbo wa ń kọ́ lọ́dún kìíní, kò sì ṣòro láti yí ẹ̀ka padà. Mo rò ó pé fún ìgbà díẹ̀ ni, pé tí ẹkún rẹ̀ bá fúyẹ́, màá padà sídìí iná mi. Mo dé akoto náà, ó bò mí lójú, àfìgbà tí mo wé ìborùn sábẹ́ rẹ̀ kó tó dúró. Bàbá mi wò mí títí, ó ní, "Ẹnjinía." Ìyá mi bú sẹ́kún, ó wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ yẹn títí dòní, bàbá mi kò tún fi oríkì mi pè mí mọ́.

Mo kọ́ nípa yanrìn, mo kọ́ nípa òkúta, mo kọ́ bí omi ṣe ń jẹ títì láti abẹ́. Mò ń yege. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń kọjá níwájú yàrá tí àwọn ọmọ ẹ̀ka iná ti ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀, màá máa wo inú bí ọmọdé tí wọ́n ti mọ́ ìta. Nígbà tí ọdún kẹta ń parí, wọ́n ní kí oníkálukú yan ọ̀nà tó máa gbà: ilé, omi, tàbí títì. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni obìnrin olùkọ́ kan ní ẹ̀ka iná, tó mọ̀ mí láti ọdún kìíní, pè mí. Ó ní bí mo bá fẹ́ padà, ìgbà ìkẹyìn nìyí, pé màá padà sẹ́yìn ní kíláàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun máa gbà mí.  Mo wọ ọkọ̀ lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ náà, mò ń rẹ́rìn-ín sí ara mi nínú ọkọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi! Ó fi èdè ìlú wa sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́.

"Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, mo sì gbà, àṣà ni. Ìwọ ni mò ń wò. Tí o bá kúrò níbẹ̀, ibo ni kí n máa wò?"

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí ìyẹn? Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ti gbọ́." Mo padà sílé ìwé, mo yan títì. Nígbà tí ìyá mi ń sìn mí lọ wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sọ fún mi pé ọmọ kan ló kú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lòun ò rí mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, pé ọkùnrin náà lè tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ní oṣù tó kọjá, èmi àti bàbá mi jọ wọ ọkọ̀ láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́. Ó ti bá mi wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan níbẹ̀ tó máa ń gba iṣẹ́ títì, ó fẹ́ kí ọkùnrin náà rí mi. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń fi ọwọ́ hàn mí látojú fèrèsé, ó ní, Ẹnjinía, wo bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí ṣe ń wó, ọwọ́ rẹ ló máa tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbé wa lọ níwájú ògiri tí Dáyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá lọ sí Ìkàrẹ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kò sì mọ̀. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má baà rí i lójú mi. Mò ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe òbí, ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i. Olùkọ́ yẹn ti ní kò sí àyè mọ́. Iṣẹ́ ń dúró dè mí. Bí mo bá sọ òótọ́, mo lè pa bàbá mi. Bí mo bá dákẹ́, orí títì ni màá ti darúgbó lábẹ́ akoto ẹlòmíràn. Ẹ̀yin bàbá, tí ọmọ yín bá ń sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó lójú dáadáa. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin Dáyọ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n sin èmi, tí ẹnikẹ́ni ò fi sunkún?