Okùn Àgbò Bàbá Ṣàkírù

Ẹ sún díẹ̀ kí n ráyè jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀ kó tó pa mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, gbogbo obìnrin tó ń ṣe láfún ládùúgbò wa l'Ọdẹ́dá fẹ́ péjọ láti fi mí jẹ oyè Ìyá Olódodo. Wọ́n ti háyà kánópì, wọ́n ti háyà àga. Inú ta ni irú èyí kò ní dùn? Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi àti oúnjẹ kì í jà. Okùn kan ló fà á. Ọkọ mi kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀ wa, ó fi okùn náà kọ́ síbẹ̀, bí mo bá sì ti gbójú sókè wò ó, àyà mi á já.

Ọmọ Kẹ́mta ni mí, l'Abẹ́òkúta. Oníṣòwò ni àwọn òbí mi, Mùsùlùmí tó le, wọ́n sì kọ́ mi pé bó ti wù kí òótọ́ korò tó, kí n sọ ọ́. Mo gba ẹ̀kọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá Ṣàkírù, ọkọ mi, dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé ká ní fèrè mọ́tò ni mí, bátìrì ì bá ti kú tipẹ́. Nígbà tó kó wa wá s'Ọdẹ́dá ni mo bẹ̀rẹ̀ láfún ṣíṣe. Bí a bá ti bó gbágùúdá, tá a rẹ ẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, tá a fún omi ara ẹ̀ dànù, orí àpáta ńlá tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìlú la máa ń sá a sí, tí oòrùn á fi gbẹ ẹ́, á funfun báláú. Olúkúlùkù ló ní ojú ibi tirẹ̀ lórí àpáta yẹn. Nítorí pé ẹnu mi ń ká ilẹ̀, wọ́n fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ wa.

Ẹran àwọn ará ilé ló ń bá wa fínra. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà wa kan gbéra láti Kẹ́mta, ó gbé àpò láfún padà wá, ó tú u sílẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó mú nǹkan dúdú róbótó kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Alága, ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹ̀wà lẹ fi jára fún mi ni?" Ẹ̀wà kọ́ o. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni! Yéè! Ojú tì mí, ó kù díẹ̀ kí n wọlẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo pe ìpàdé. Mo ní láti òní lọ, ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yòówù tá a bá mú lórí àpáta tó ń jẹ láfún, ẹgbẹ́ á pa á jẹ, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà, akọ̀wé wa, obìnrin Áńgílíkà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, kọ ọ́ sínú ìwé, a buwọ́ lù ú, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka.

Oṣù kan ò pé tí wọ́n fi mú ewúrẹ́ Ìyá Rìsí. Opó ni Ìyá Rìsí, ewúrẹ́ kan ṣoṣo náà ló ní. Ó kúnlẹ̀ fún mi lórí àpáta gbígbóná yẹn, ó ní, "Alága, ẹ ṣàánú mi, mo so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, mi ò mọ ẹni tó tú u." Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Ìyá Rìsí, ẹran kì í tú okùn ọrùn ara ẹ̀. Ẹni tó lẹran ló lẹjọ́." Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a. A pa ewúrẹ́. Orí ẹran ni ìpín alága, wọ́n gbé e fún mi, mo jẹ ẹ́, mo tún fa eegun ẹ̀ mu. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, ó dùn.

Ká wá sórí ti àgbò. Láti kékeré ni Bàbá Ṣàkírù ti ń sin àgbò tó fẹ́ fi ṣe Iléyá. Èèpo iṣu, eèrí àgbàdo, kò sí ohun tí kì í fún un jẹ. Gbogbo Jímọ̀ ló ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Gómìnà lorúkọ tó sọ ọ́. Kí ọkọ mi tó kí mi láàárọ̀, á ti kí Gómìnà, á bi í bó ṣe sùn. Ní mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ bí ìwo Gómìnà ṣe rí. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àgbò náà ti tóbi débi pé bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àlejò á dúró síta.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ti pariwo lé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ lórí pé wọn kì í tètè dé orí àpáta. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀ gan-an, èmi alága, mo sùn gbàgbé. Mo sáré di gbágùúdá mi sínú àpò, mi ò rí ohun tí n ó fi so ẹnu ẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá a kiri ni ojú mi ti bọ́ sára okùn Gómìnà, okùn búlúù tó yi, tí ọkọ mi fi ń di ẹrù nígbà tó ń wa mọ́tò. Mo tú u. Mo fa àkísà ìró kan ya, mo fi so àgbò náà mọ́ òpó, mo ní kò ní pẹ́ tí n ó fi dé. Bí mo ṣe gbé àpò mi sórí nìyẹn. Àkísà! Lọ́rùn ẹran tó tó yẹn! Ẹ̀yin náà ẹ wo ọgbọ́n orí mi.

Oòrùn ò tíì mú tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń ké pé, "Wọ́n ti mú Gómìnà o!" Mo sáré dé ibẹ̀. Àárín láfún Ìyá Rìsí gan-an ló dúró sí, ẹnu ẹ̀ funfun bí ìyàwó tó kun páúdà, ó ń jẹun lọ, kò ka ẹnikẹ́ni sí. Àkísà ìró mi wà lọ́rùn ẹ̀, ó ti jẹ ìdajì. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ dì í mú, mo já àkísà náà, mo kì í bọ abẹ́ ìró mi. Ẹnikẹ́ni ò rí mi. Ojú mi ni gbogbo wọn ń wò. Obìnrin kan tó fẹ́ràn láti máa pọ́n mi ní, "Alága, àgbò Iléyá ti di ti Ọlọ́run, òfin ò lè mú un." Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà wọ awò ojú ẹ̀, ó ṣí ìwé, ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin la kọ síbí." Ló bá tẹ̀ kọ́ọ́kọ́, ó ń ka ẹsẹ̀ àgbò: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó ní ó pé.

Ìyá Rìsí ní tiẹ̀ kàn ń wò mí. Mo rántí ọkọ mi, ọgbọ̀n ọdún tá a ti jọ wà, mo rántí ọṣẹ ọjọ́ Jímọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá Gómìnà sí, ojú wo ni n ó fi máa wo opó yìí? Omi bọ́ lójú mi, mo ní, "Ẹ pe alápatà wá." Háà! Ariwo tó sọ! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sókè. Wọ́n ní àwọn ò rí irú ẹ̀ rí l'Ọdẹ́dá.

Ìpín alága ń kọ́? Wọ́n gbé orí fún mi. Mo fi abọ́ bò ó, mo ń rìn lọ sílé bí ẹni tó ń lọ gba ìdájọ́. Mo bá Bàbá Ṣàkírù lẹ́yìnkùlé, eèrí àgbàdo wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń pe, "Gómìnà! Gómìnà!" Mo bá ṣí abọ́. Bàbá Ṣàkírù wo orí, orí wo Bàbá Ṣàkírù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. Ó ní, "Ìyá Ṣàkírù, o jẹ́ kí wọ́n pa á?" Mo ní òfin ni, mo ní ẹ foríjì mí. Ó ní, "Mo gbọ́. Ta ló tú u?"

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, lọ́jọ́ náà ló dákẹ́. Ọkọ mi dá ara ẹ̀ lóhùn, ó ní, "Bàbá Táyé ni! Òun ló ń sọ pé àgbò yìí ò ní tó Iléyá!" Aládùúgbò wa ni Bàbá Táyé, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ta ayò nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ mi lọ dúró lẹ́nu ọgbà, ó bú ọkùnrin náà títí ohùn fi há a. Láti ọjọ́ náà, ayò dá. Àwọn àgbà méjèèjì á jókòó, kálukú lẹ́nu ọ̀nà tiẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn bí ọmọdé. Mò ń wò wọ́n látojú fèrèsé, ọkàn mi ń bù mí jẹ, mi ò sì sọ̀rọ̀. Iléyá dé, Iléyá lọ, ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ òkìkí mi ti kàn dé Òṣíẹ̀lẹ̀, pé alága kan wà tí kò dá àgbò ọkọ ẹ̀ sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ṣàkírù wọ yàrá tí mò ń kó àpò sí, ó fẹ́ bá mi ru láfún jáde. Okùn Gómìnà ṣì wà lẹ́nu àpò kan níbẹ̀. Ó jáde, okùn búlúù lọ́wọ́ ẹ̀. Kò wo ojú mi, ó rọra kọjá lọ sílé Bàbá Táyé. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọmọ ayò tó ń dún, tí àwọn àgbà méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn ò tù mí lára rárá. Nígbà tó padà dé, ó kan ìṣó, ó fi okùn kọ́, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Olódodo, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o." Ẹ kú! Ọkọ mi, tó jù mí lọ́dún mẹ́wàá! Ó tún ní, "Èmi àti Bàbá Táyé á wá síbi oyè o. A ní ẹ̀bùn kékeré kan fún alága. Ẹran kì í tú okùn ọrùn ara ẹ̀, àbí báwo lẹ ṣe máa ń wí i?"

Mo ti bẹ ọkọ mi, mo ti kúnlẹ̀ fún Bàbá Táyé, àwọn méjèèjì ti foríjì mí, wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé Ìyá Rìsí ló dábàá oyè yìí. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa àgbò wa ni ọkàn òun ti balẹ̀ lórí ewúrẹ́ òun. Ẹ gbọ́ ná, bó bá jẹ́ òótọ́ ló so ewúrẹ́ yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn tó ń kánjú, irú mi, ló tú u ńkọ́? Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní ti àgbò, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún mi, kí ló le níbẹ̀? Kí n jẹ́wọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí gan-an ni mi ò lè ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò àṣẹ, bó ṣe ẹgbẹ́, bó ṣe ilé, kẹ́ ẹ tó fi òfin de ẹran ẹlẹ́ran, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ní tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ bá Ìyá Rìsí nílé ẹ̀, kí n sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé èmi ni mo tú Gómìnà, àbí lójú gbogbo ẹgbẹ́, níbi tí mo ti jẹ́ kó kúnlẹ̀? Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Láàárọ̀ yìí, mo ra abo ewúrẹ́ kékeré kan tí n ó fà lé e lọ́wọ́ ní Sátidé. Mo yọ okùn búlúù náà lára ìṣó, mo fi so ó mọ́ òpó Gómìnà. Bàbá Ṣàkírù rí ìṣó tó ṣófo, ó lọ bu eèrí àgbàdo wá fún ewúrẹ́ náà. Ẹ dá mi lóhùn kíá, ẹ jọ̀ọ́. Láti ìgbà tí mo ti jókòó tì yín yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lọ yẹ okùn yẹn wò, mo sì tún fẹ́ dìde báyìí.