Ìdáríjì Tí Mi Ò Fún Ẹ

Gbé báàgì ẹ kúrò lórí àga yẹn, àga oníbàárà ni, kì í ṣe àga òǹkọ̀wé! Háà, ojú mà rèé o! Ó gbójú, ó gbóyà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi àtàtà". Àtàtà ta ni? Ṣé èmi ni ẹ̀gbọ́n tó o kọ sínú ìwé yẹn? Èmi tí mo dúró níbí, tí ọwọ́ mi ń rùn fún ìpara irun, èmi ni mo sunkún sí ẹ lórí, tí mo ní "àbúrò mi, mú un, mo fún ẹ"? Ìgbà wo? Níbo? Ta ló wà níbẹ̀?

Rárá, má jókòó. Mi ò ní kí o jókòó. Dúró kí o gbọ́.

Ṣé o mọ bí mo ṣe gbọ́? Nọ́ọ̀sì kan ni, oníbàárà mi. Ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ìwé ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀ pẹrẹpẹrẹ. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń jó o létí, mo sáré lọ dín iná kù. Ó ní rárá, ìwé yìí ni. O sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn, kì í gbọ́ ohùn ara ẹ̀, igbe ló ń ké: "Ẹ GBỌ́ OHUN TÍ Ẹ̀GBỌ́N YÌÍ ṢE!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù létí. Ó ní ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí, àbúrò jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń di irun ìyàwó fún un, ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ funfun sí i, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin tí àbúrò fẹ́ fẹ́ lọ́la, àfẹ́sọ́nà òun ni. Ó mọ̀ o! Ó mọ̀, ó sì ń dì í! Ó ń súre, omijé ẹ̀ ń kán sórí àbúrò bí ìgbà tí wọ́n ń ta òróró síni lórí!

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun! Ta ló tún mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ funfun yẹn ṣe dé orí ẹ láyé yìí bí kò ṣe èmi àti ìwọ?

Kí lo wí? O ní ìtàn àròsọ ni? Àròsọ wo ló ní fọ́tò ẹ lẹ́yìn, tí wọ́n kọ "ohun tí ojú mi rí" sí níwájú? Fọ́tò yẹn gan-an ló kó bá mi. Nọ́ọ̀sì wo fọ́tò, ó wo ojú mi nínú dígí, ó tún wo fọ́tò, ó ní imú yìí, eyín yìí, yéè, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n! Ó dìde tòun ti irun tútù, ó dì mọ́ mi. Gbogbo aṣọ mi ló rin.

O rò pé mi ò ní lè kà á, àbí? Jẹ́wọ́. O rò pé ẹ̀gbọ́n tí kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé rí, irun nìkan ló mọ̀. Mo ti kọ́ ara mi níwèé kíkà o. Ara ike ìpara ni mo ti bẹ̀rẹ̀, "má jẹ́ kó kan ojú", mo ti ibẹ̀ bọ́ sí pátákó ojú títì, mo ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìwé àdúrà. Tìẹ ni ìwé gígùn àkọ́kọ́ tí mo kà parí láyé mi. Wo ohun tí mo wá fi ṣí ojú! Mo ń fi ìka tẹ̀ lé e, mo ń kà á, mo ń pàdé ara mi nínú ẹ̀ bí ẹni pàdé òkú ara ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Jẹ́ kí n rán ẹ létí, torí ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. O wá bá mi nínú yàrá tí a jọ ń sùn, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tí o ti máa ń fa aṣọ ìbora kúrò lára mi, o ní ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó ní kóòtù, ìwọ ni ọ̀rẹ́ ìyàwó, "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í kó rẹwà". Mo dì í! Mo dì í títí ẹ̀yìn fi ń ro mí gooro. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kún ojú, mo já ìlẹ̀kẹ̀ funfun ọrùn mi, ìlẹ̀kẹ̀ tí Olóhùn-iyọ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ so mọ́ mi lọ́rùn, mo tò ó sí ẹ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóhùn-iyọ̀ tó ń kọrin ní ìjọ, tí gbogbo obìnrin máa ń gbàgbé àdúrà tó bá ti lanu, àfẹ́sọ́nà mi nígbà náà, ọkọ ẹ lónìí! O jókòó síbẹ̀, o ń bá mi ṣàwàdà, o ní "ẹ má fà á jù, orí á fọ́ mi". Kò fọ́ ẹ! Kí ló dé tí kò fọ́ ẹ?

Ọjọ́ kejì mo jókòó, mo ń retí kí o wá ròyìn ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ẹ fún mi. Ìyá wa ló wọlé, ó káwọ́ lérí, ó ní kí n jókòó. Mo ní mo ti jókòó. Ó ní kí n tún jókòó dáadáa.

Ìwọ gan-an ni ìyàwó kóòtù! Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Omijé dà níbẹ̀? Ìre dà? Ẹni tí wọ́n tàn ni ìwọ sọ di ẹni mímọ́, kí ìwọ tó tàn án lè mọ́ tónítóní!

O tún wá ti Ọlọ́run sí i! O ní o gbààwẹ̀, ohùn kan wá sí ẹ létí, ó ní ọkùnrin yìí, tìẹ ni. Ohùn ta ni? Ohùn Olóhùn-iyọ̀ kọ́? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ́yìn ilé ìjọ, nígbà tí èmi ń gbálẹ̀ nínú? Olè tó jí ewúrẹ́ pàápàá kì í sọ pé Ọlọ́run ló fa okùn ẹ̀ lé òun lọ́wọ́. Mo fi ẹ̀mí mi búra, bí Ọlọ́run bá fẹ́ fún ẹ lọ́kọ, kò ní rán ẹ sórí ẹní ẹ̀gbọ́n ẹ. Ṣé ọkùnrin wọ́n Ọlọ́run ni?

Dákẹ́! Mi ò tíì sọ ọ́ tán.

Látìgbà tí ìwé ẹ ti jáde, mi ò lẹ́nu láti bínú mọ́. Màmá Ìdáríjì ni wọ́n ń pè mí! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á bẹ́ sórí àga níwájú ẹni tó ti ń dúró láti àárọ̀, bí mo bá lanu, á ní "Àní ẹ̀yin, Màmá Ìdáríjì?" Onílé gé omi ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń fẹyín sí mi. Àlùfáà dárúkọ mi nínú ìwàásù, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Kí ni kí n ṣe? Kí n dìde láàárín ìsìn kí n ní irọ́ ni?

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ti aránṣọ ni mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ni, ó wọlé wá, kò wá dirun, ìwé ẹ ló dì mọ́ àyà. Àbúrò ẹ̀ gba ọkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àbúrò yẹn náà ló gbé ìwé ẹ wá fún un, ó ti fi bébà sí ojú ibi irun dídì, ó ní "ẹ kà á, kí ẹ rí bí ẹ̀gbọ́n tó nígbàgbọ́ ṣe ń ṣe". Ṣé o gbọ́? Wọ́n ti ń fi ìwé ẹ na èèyàn! Aránṣọ yìí di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Mo ti gbàdúrà títí, ọkàn mi ò rọ̀. Àbí èmi ni mi ò mọ Ọlọ́run ni?"

Mo wo ojú ẹ̀. Mo ní, ìyá mi, mi ò ṣe é. Irọ́ ni. Wọn ò bẹ̀ mí rí. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ó wá jókòó sórí àga tí o gbé báàgì ẹ lé nígbà tó o wọlé, ó ní "ẹ ṣé, ẹ ṣé", ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, ó ń sunkún.

Ojú tún wá gbà ẹ́ láti wá síbí lónìí! O ní wọ́n fẹ́ tún ìwé tẹ̀. O ní àwọn òǹkàwé ẹ máa kún gbọ̀ngàn, kí èmi jókòó lórí àpótí lókè níbẹ̀, kí ìwọ jókòó sílẹ̀, kí n di irun ẹ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n máa fi fóònù yà wá, kí n sunkún díẹ̀ bó bá wá. Bó bá wá! O tiẹ̀ ti ra ìlẹ̀kẹ̀! Mo ti rí i lẹ́nu báàgì, má fi ọwọ́ bò ó.

Gbọ́, àbúrò. Èmi náà ń gbàdúrà. Mo máa ń sọ pé, Bàbá, ọjọ́ tó bá wá bẹ̀ mí, kọ́ mi ní ohun tí màá wí. Títí dòní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ "ó ti tán". Ó lè jẹ́ kí n lé ẹ síta. Ṣùgbọ́n tèmi ni! Ọkùnrin lọ, ìlẹ̀kẹ̀ lọ, ìdáhùn yẹn ló kù sí mi lọ́wọ́, ìwọ tún wọ inú àyà mi lọ, o jí i gbé, o tẹ̀ ẹ́ síwèé!

Ó dáa. Jẹ́ ká ṣe é. Kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn, níbí, kò sẹ́nì kankan, kò sí fóònù. Bẹ̀ mí. Dìde, mi ò ní kí o kúnlẹ̀, orúnkún ò lẹ́nu. Sọ ọ́. "Mo tàn yín, ẹ forí jì mí." Má fi Ọlọ́run sí i, má ní ìfẹ́ ló fà á. Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́.

Mo ń gbọ́ o.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé nígbà yẹn"... Rárá! Mi ò mọ nǹkan kan. Tún un bẹ̀rẹ̀.

O ní kí ni? "Bí mo bá ṣẹ̀ yín"? BÍ?

Hà! Hà-hà-hà! Yéè, ẹ gbà mí, ìhà mi o! Ẹ wo òǹkọ̀wé! Ìwé tó nípọn bí búrẹ́dì ló kọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ti há a lọ́fun! Ó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu kún ojú ìwé, kò rí ọ̀kan fi sí tiẹ̀! Ó tó, má sọ ọ́ mọ́, wàá fi ẹ̀rín pa mí. Kó ìlẹ̀kẹ̀ ẹ, máa lọ. Wá onídìrí míì tó máa bá ẹ ṣeré yẹn. Bí wọ́n bá sì bi ẹ́ ní gbọ̀ngàn pé ẹ̀gbọ́n dà, sọ òtítọ́ kan fún wọn: ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ń di irun ẹlòmíì, wọn ò tíì bẹ̀ ẹ́.