Ọwọ́ Ọmọ́jọlá Ò Lẹ́bi

Mo ti sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀. Ó wá ku ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù orí tábìlì ní Ìkìrun níbí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Adédùntán fúnra mi: ìkà ni Kóòṣì yín.

Inísà lèmi àti Ọmọ́jọlá ti jọ dàgbà. Ọ̀rẹ́ mi ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dá bọ́ọ̀lù ẹ̀ padà. Á fi bátì ra bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, fẹ́ẹ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni ń nu omijé ojú ọmọ. Rọ́bà tó bo ojú bátì á dì í mú, á sì mú un pòòyì; bó bá ti kan tábìlì, á ta síwájú lójijì. Èmi ní tèmi, gbígbá lásán ni mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbi ìdíje, àwa méjèèjì la kù. Ó gbé bátì fún mi, ó ní, “Bá mi mú un dání, mo fẹ́ lọ mumi.” Ẹ má dá èṣù lẹ́bi o. Èmi ni mo yọ fasilíìnì nínú báàgì, tí mo fi pa rọ́bà náà títí ìpara ọ̀hún kò fi hàn mọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ń lọ sókè bó ṣe máa ń lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń yọ̀ lójú bátì, ó ń kó sínú nẹ́ẹ̀tì. Mo nà án, èmi ni wọ́n sì yàn.

Èyí kọ́ ló burú jù. Mo ti fọ bátì náà mọ́ kó tó sunkún wá bá mi: “Dùntán, kí ló ṣe ọwọ́ mi?” Mo wo ojú ẹ̀, mo ní, “Látìgbà tó o ti já bọ́ lórí ọ̀kadà lọwọ́ yẹn ti kú. Mi ò kàn fẹ́ sọ fún ẹ ni.” Ó gbà mí gbọ́. Kò mú bátì mọ́. Títí dòní, kì í fọwọ́ ọ̀tún gbé ohun tó wúwo.

Lọ́dún yìí ló mú ọmọ ẹ̀, Ayọ̀midọ̀tun, wá láti Òkukù. Ó ní, “Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán.” Níbo ni mo fẹ́ sá gbà? Gbogbo Sátidé ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Mò ń ṣàlàyé lọ́jọ́ kan pé bí ọwọ́ ṣe rìn àti bí rọ́bà ṣe dì í mú ló ń mú bọ́ọ̀lù pòòyì, lọmọ náà bá bèèrè pé, “Anti, Mọ́mì mi sọ pé ọwọ́ àwọn ṣáà rìn dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ nà wọ́n. Àbí rọ́bà wọn ló bàjẹ́?” Ọmọ́jọlá gbójú sókè. Mo pè é lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní màá fiṣẹ́ sílẹ̀, màá kó kúrò nílùú.

Ó ń yí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ bí ẹni ń dán an wò. Ó ní, “O fẹ́ kó lọ síbo? Ìwọ lo máa kọ́ ọmọ mi. Èmi á sì máa jókòó síbí, màá máa wò ẹ́.”

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọ̀rẹ́ yín bá mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ ní kó kọ́ yín. Ọmọ́jọlá ì bá kọ́ mi. Mi ò bèèrè rí.