Ìwé Ọmọ Onílùú

Ọdún tí iná ìgbẹ́ jó oko kaṣú wa ní Kòmú ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú mọ́tò Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin kan fẹ́ bá obìnrin kan gba ìwé ọmọ onílùú ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí ọkùnrin náà ti wá, kí yunifásítì ìjọba ibẹ̀ lè mú ọmọbìnrin obìnrin náà.

"Àǹtí, ìwé lásán ni."

"Ta ni ẹ máa kọ ní bàbá rẹ̀?"

"Orúkọ tèmi ńkọ́?"

"Ẹ̀hẹ̀n! Bùọ̀dá, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ta ni ọkọ rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún? Ẹ̀yin, àbí bàbá rẹ̀ tó ń kọ ebè lóko báyìí?"

Mo délé, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ àlejò, kí wọ́n kọ ọ́ pé àlejò ni wọ́n, bí yunifásítì ò tiẹ̀ ní mú wọn.